Káléńdà Ádífẹ́ńtì Olókùn: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É Nílé Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ

Káléńdà Ádífẹ́ńtì ni a fi ń ka ọjọ́ tó kù sí Kérésìmesì. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, páálí pẹlẹbẹ ni, ó ní fèrèsé kéékèèké 24, ṣokoléètì ló sì sábà máa ń wà lẹ́yìn fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á ṣí i, á jẹ ẹ́, ọjọ́ yẹn ti parí. Èyí tí a fẹ́ ṣe níbí, ìtàn ló wà nínú rẹ̀, láti ìgbà tí Ọlọ́run ti pàṣẹ pé kí ìmọ́lẹ̀ wà títí dé ibùjẹ ẹran ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àwọn ọmọ ló máa gé e, àwọn ló máa lẹ̀ ẹ́, àwọn ló sì máa ya àwòrán inú rẹ̀. Iṣẹ́ àgbà ni wíwọn ìwé, omi gbígbóná, àti kíkọ ẹsẹ Bíbélì. Bí àgbà bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kí káléńdà lè rẹwà, ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán ló máa dà, ọmọ ò sì ní máa ránni létí rẹ̀ lálaalẹ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé ìjọ Luther ní Jámánì ni àṣà kíka ọjọ́ yìí ti ṣẹ̀, ní ọ̀rúndún 19. Àwọn kan á fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà 24 sára ilẹ̀kùn, ọmọ á sì máa nu ọ̀kan kúrò lójoojúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni Gerhard Lang, ní ìlú Munich, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ fún títà. Ohun àfọwọ́ṣe inú ilé ló jẹ́ kó tó di ọjà.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́

Kí ẹ tó mú àlùmọ́gàjí, ẹ mọ iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kà. Ádífẹ́ńtì kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún. Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin ṣáájú Kérésìmesì ló máa ń wọlé, ìyẹn sì lè bọ́ sí ọjọ́kọ́jọ́ láti 27 oṣù Kọkànlá sí 3 oṣù Kejìlá. Nítorí náà, ó lè jẹ́ ọjọ́ 22, ó sì lè tó 28. Ẹni tó bá ṣe káléńdà 1 sí 24, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n á ti máa kọrin Ádífẹ́ńtì ní ṣọ́ọ̀ṣì tí káléńdà ilé rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ẹ ṣe àpò 28, kí ẹ sì kọ iye ọjọ́ *tó kù* sí Kérésìmesì sára wọn, láti 28 sọ̀ kalẹ̀ wá sí 1. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ni Ádífẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, àpò 26 lẹ máa kọ́kọ́ ṣí. Lọ́dún 2027, ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ni, àpò 27 ni ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2028, ó di ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 22. Ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe Ádífẹ́ńtì náà ń bẹ. Bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá pẹ̀lú àpò 24. Lọ́dúnkọ́dún, àpò 1 ni ti ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Báyìí, káléńdà kan ṣoṣo á sìn yín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun èlò

- Ìwé A4 tó nípọn díẹ̀, 16. Mẹ́rìnlá ni iṣẹ́ gbà. Méjì tó kù wà fún èyí tí ọwọ́ ọmọ bá bàjẹ́.
- Kádíbọ́ọ̀dù funfun A4, mẹ́rin.
- Okùn òwú, mítà 5.
- Péègì tí a fi ń mú aṣọ mọ́ okùn, 30.
- Gọ́ọ̀mù funfun, rúlà, pẹ́ńsù, kíréyọ́ọ̀nù, àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ kò mú fún àwọn ọmọ.
- Àgékù àǹkárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀ yín. Ohun tí wọ́n ń gbá dànù ni.

Ó máa ń wu èèyàn láti lo káléńdà ńlá ọdún tó ń kásẹ̀ nílẹ̀, irú èyí tí ẹgbẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì máa ń pín. Ìwé rẹ̀ nípọn lóòótọ́, àmọ́ ó ń dán, gọ́ọ̀mù kì í tètè mú ìwé dídán, kíréyọ́ọ̀nù náà á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Bí òun náà lẹ bá ní, ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun ni kí ẹ jẹ́ kó wà níta, sẹ́lótéèpù ni kí ẹ sì fi mú un dípò gọ́ọ̀mù.

Bí gọ́ọ̀mù bá wọ́n, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a fi ń lọ aṣọ á ṣe é. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ṣíbí ìjẹun méjì títí kò fi ní kókó mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ da omi tó ń hó, nǹkan bí ife tíì kan, sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó láìdúró. Nígbà tó bá ki, tí funfun rẹ̀ sì di èyí tí a lè rí àárín rẹ̀, ó ti jinná. Bí ẹ bá da omi gbígbóná lé sítáàṣì gbígbẹ láì kọ́kọ́ fi omi tútù pò ó, á dì ní kókó, kò sì sí bí ẹ ṣe lè rò ó tó mọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì lò ó tán lọ́jọ́ náà, torí kì í pẹ́ kan.

Àpò

Ẹ gé A4 kọ̀ọ̀kan sí méjì lágbedeméjì òòró rẹ̀. Ìlàjì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21 ní ìbú, á sì lé díẹ̀ ní 14.8 ní gíga. Ìlàjì kan, àpò kan.

Ẹ tẹ́ ìlàjì náà síwájú yín kí 21 wà láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 5 àti ààbọ̀ láti etí òsì, kí ẹ fa ilà fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti etí ọ̀tún. Ẹ ṣẹ́ apá méjèèjì wá sáàárín lórí ilà náà. Etí kan á gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà kan, ibẹ̀ ni gọ́ọ̀mù ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Àpò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó sì ga tó nǹkan bíi 12.8, lẹ máa ní.

Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè wọ̀n ọ́n, àmọ́ ó lè fi ẹ̀yìn ṣíbí ra ojú ibi tí a ṣẹ́ títí á fi mú. Ẹ fún un ní iṣẹ́ yẹn. Ìṣẹ́po tí a kò rà dáadáa ni kì í jẹ́ kí àpò jókòó, á máa là bí ìwé tó fẹ́ padà sí bó ṣe wà.

Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́. Èyí tó pọ̀ jù máa ń rin ìwé, ìwé á sì hunjọ. Bí ọyẹ́ bá ti ń jà, ojú kan á gbẹ kí èkejì tó gbẹ, àpò á wá tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ fi ìka kan ṣoṣo tàn án, kí ẹ to àwọn àpò sábẹ́ ìwé ńlá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun kan ṣì wà tí yóò bá yín lójijì bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: gọ́ọ̀mù tó bá yọ́ gba ojú ìṣẹ́po wọnú á lẹ iwájú àpò mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ àfìgbà tí ẹ bá fẹ́ ki káàdì bọ̀ ọ́. Ẹ gé láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ ti ọ̀kan sínú àpò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fà á yọ nígbà tó bá gbẹ.

Nọ́ńbà àti ọ̀ṣọ́

Àwọn ọmọ tó ti mọ nọ́ńbà ni kí ó kọ ọ́, lórí àgékù kádíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síwájú àpò. Ẹ fa ilà sábẹ́ 6, 9, 16, 19 àti 26 kí wọ́n tó lẹ̀ wọ́n. Ọmọ a máa lẹ 6 lódì kó di 9, ẹ ó wá ní 9 méjì.

Àǹkárá ni kí ẹ fi ṣe bèbè ìsàlẹ̀ àpò, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 3. Etí àǹkárá máa ń tú òwú. Bí ẹ bá fa gọ́ọ̀mù sójú ibi tí ẹ fẹ́ gé, tí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gé e, kò ní tú. Àwọ̀ àlùkò ni ti Ádífẹ́ńtì ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ẹ má lẹ aṣọ àlùkò mọ́ àpò Ọjọ́ Ìsinmi, torí nọ́ńbà tó máa bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi ń yí padà lọ́dọọdún. Àgékù aṣọ àlùkò mẹ́rin ni kí ẹ so mọ́ péègì mẹ́rin, kí ẹ máa gbé àwọn péègì náà lọ síbi tó bá yẹ.

Okùn

Ẹ gé okùn sí mẹ́rin, mítà 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò méje ló máa wà lórí okùn kan, àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 láàárín wọn. Èyí á gbà tó sẹ̀ǹtímítà 82, ìyókù wà fún síso. Okùn òkè gba 28 sí 22, èyí tó tẹ̀ lé e gba 21 sí 15, ẹ̀kẹta 14 sí 8, ti ìsàlẹ̀ 7 sí 1. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 20 sáàárín okùn kan àti èkejì. Kí okùn ìsàlẹ̀ wà ní ìwọ̀n àyà ọmọ yín tó kéré jù, kí ó lè nawọ́ mú àpò ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì fúnra rẹ̀ láìgun àga.

Okùn ọ̀rá ò dáa fún iṣẹ́ yìí. Ó ń yọ̀, ó sì ń fà, gbogbo péègì á sáré lọ sáàárín. Ẹ má so ó sójú fèrèsé, eruku ọyẹ́ ò ní jẹ́ kó rẹwà dé ọjọ́ kẹwàá. Ẹ má sì so ó nítòsí sítóòfù tàbí ibi tí ẹ ń tan àbẹ́là sí.

Káàdì: ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà

Ẹ gé kádíbọ́ọ̀dù A4 kọ̀ọ̀kan sí mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òòró. Káàdì kan á jẹ́ 7 sí 9.9 sẹ̀ǹtímítà, á sì wọ àpò wọ́ọ́rọ́wọ́. Kádíbọ́ọ̀dù mẹ́rin á fún yín ní 36. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni ti àpò, ọ̀kan ni ti ọjọ́ Kérésìmesì, méje á ṣẹ́ kù.

Àgbà ni kí ó kọ ojú kan, pẹ̀lú báírò: nọ́ńbà, ẹsẹ Bíbélì, ìbéèrè kan, iṣẹ́ ìfẹ́ kan. Ojú kejì jẹ́ ti àwòrán ọmọ. Máàkà máa ń ràn dé ojú kejì, kíréyọ́ọ̀nù ni kí wọ́n lò.

Láti 28 sí 23, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdúródeni sí i, torí àwọn ọdún kan wà tí ẹ kò ní ṣí wọn: 28, Àìsáyà 2:1-5; 27, Orin Dáfídì 130:5-6; 26, Máàkù 13:33-37; 25, Róòmù 13:11-12; 24, Hábákúkù 2:3; 23, Àìsáyà 40:3-5.

Láti 22 ni ìtàn gan-an ti bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fò. 22, ìṣẹ̀dá ìmọ́lẹ̀, Gẹ́nẹ́sísì 1:1-5. 21, Ádámù sá pamọ́, Gẹ́nẹ́sísì 3:8-15. 20, òṣùmàrè Nóà, 9:12-16. 19, ìpè Ábúráhámù, 12:1-3. 18, Sárà rẹ́rìn-ín, 21:1-6. 17, àkàbà Jákọ́bù, 28:10-15. 16, Jósẹ́fù àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 45:4-8. 15, igbó tó ń jó, Ẹ́kísódù 3:1-6. 14, Rúùtù nínú oko, Rúùtù 2:8-12. 13, ìfòróróyàn Dáfídì, Sámúẹ́lì Kìíní 16:10-13. 12, Àìsáyà 9:2 àti 6. 11, ẹ̀ka tó hù láti kùkùté Jésè, Àìsáyà 11:1-6. 10, Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Míkà 5:2. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sínú Lúùkù orí 1: 9, Sakaráyà nínú tẹ́ńpìlì, ẹsẹ 11-17; 8, Gébúrẹ́lì àti Màríà, 26-38; 7, Màríà lọ kí Èlísábẹ́tì, 39-45; 6, orin Màríà, 46-55; 5, ìsọmọlórúkọ Jòhánù, 59-64. 4, àlá Jósẹ́fù, Mátíù 1:18-24. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ń bẹ ní Lúùkù orí 2: 3, ìrìn àjò, ẹsẹ 1-5; 2, ìbí Jésù, 6-7; 1, àwọn olùṣọ́ àgùntàn àti áńgẹ́lì, 8-14. Káàdì ọjọ́ Kérésìmesì ni 15-20.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn amòye kò sí níbẹ̀. Mátíù 2 sọ pé inú *ilé* ni wọ́n ti bá ọmọ náà, ọjọ́ 6 oṣù Kìíní sì ni ìjọ ń ṣe ìrántí wọn. Ẹ fi mẹ́ta nínú káàdì tó ṣẹ́ kù ṣe tiwọn, kí ẹ sì ṣí wọn lẹ́yìn ọdún tuntun.

Ìbéèrè orí káàdì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ lè rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. “Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́?” máa ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. “Níbo ni Dáfídì wà nígbà tí Sámúẹ́lì ń wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀?” á mú kó dáhùn kí ẹ tó gbẹ́nu kúrò níbẹ̀. Lórí káàdì 5, ẹ béèrè pé: “Ọjọ́ kelòó ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ, orúkọ ta ni àwọn ará fẹ́ fún un, kí sì ni bàbá rẹ̀ kọ sórí wàláà?” Ọmọ Yorùbá tó ti jókòó níbi ìkómọjáde ọjọ́ kẹjọ kò nílò àlàyé rárá. Ó mọ̀ pé àwọn ẹbí máa ń ní orúkọ tiwọn lẹ́nu, ó sì máa ya á lẹ́nu pé bàbá kọ̀ ti gbogbo wọn. Ẹ fún un láàyè níbẹ̀, kí ó sọ ìtàn orúkọ tirẹ̀ bí ẹ ti sọ ọ́ fún un.

Iṣẹ́ ìfẹ́ ni kí ó rọpò súwíìtì. Ẹ jẹ́ kó kéré, kí ó ṣeé parí lọ́jọ́ kan: kí a pe ìyá àgbà lórí fóònù kí a sì kọrin kan fún wọn, kí a yan aṣọ kan tó ṣì dáa fún ẹlòmíràn, kí a bá ẹ̀gbọ́n fọ abọ́ tó kàn án, kí a bu oúnjẹ lọ fún aládùúgbò, Kristẹni ni o, Mùsùlùmí ni o. Ẹ má fi iṣẹ́ ńlá sí ọjọ́ ìdánwò ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìpanu sí i, Ọjọ́ Ìsinmi nìkan tó, ẹ má sì fi sínú àpò. Èèrà á dé ibẹ̀ ṣáájú ọmọ, ooru á sì yọ́ ṣokoléètì sára káàdì. Inú agolo ni kí ṣinṣín wà. Kí káàdì sọ ibi tí agolo wà.

Fún àwọn tó ń tọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹ kọ ẹsẹ kan ṣoṣo ní Yorùbá sórí káàdì, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé, kí ọmọ kà á sókè. “A bí ọmọ kan fún wa” kò gùn jù fún ọmọ ọdún mẹ́ta.

Bí ẹ ó ṣe máa lò ó

Ẹ má ki gbogbo káàdì sínú àpò lẹ́ẹ̀kan. Alẹ́ Sátidé ni kí ẹ ki ti ọ̀sẹ̀ kan sí i. Àwọn ọmọ máa ń yọjú wo inú àpò, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́kun. Ìdí mìíràn ni pé ẹ lè pààrọ̀ iṣẹ́ ìfẹ́ bí nǹkan bá yí padà nílé.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà àdúrà ẹbí, ọmọ tó kàn á yọ káàdì. Ẹni tó mọ̀wé kà á ka ẹsẹ náà, ẹ ó béèrè ìbéèrè, ẹ ó kọ orin kan láti inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì yín, ọmọ á gbàdúrà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi péègì mú káàdì mọ́ iwájú àpò rẹ̀ kí àwòrán kọjú síta. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtàn á fi máa kún ara ògiri.

Ìjà lórí ta ló kàn ni wàhálà tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn péègì ṣáájú, kí ẹ sì sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo ilé ló jọ ni àpò 1. Bí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ ṣí méjì lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá di ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ka ti òní, kí ẹ fi ẹnu sọ ìyókù ní ṣókí. Ẹ má sọ ọ́ di ìyà.

Ìdílé tó ń tan àbẹ́là Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin náà lè ṣe é pọ̀ mọ́ èyí. Inú agolo tó kún fún yanrìn tútù ni kí àbẹ́là dúró sí, kó jìnnà sí káléńdà ju mítà kan lọ, àgbà ni kó máa tàn án, òun náà ni kó máa pa á.

Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Kérésìmesì, ẹ tú okùn tó kù nìkan pẹ̀lú àpò orí rẹ̀, kí ẹ ká a sínú àpòòwé ńlá. Ìṣó méjì ló máa gbà níbi tí ẹ bá dé.

Lẹ́yìn ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù, kí ẹ to àpò àti káàdì sínú agolo bísíkíìtì tó ní ìdérí, torí aáyán fẹ́ràn sítáàṣì. Ẹ má fi káńfọ̀ sí i. Ó lè fa ibà apọ́njú fún ìkókó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbà á, ọwọ́ àwọn ọmọ ló sì máa kọ́kọ́ ṣí agolo yẹn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ orí ọmọ àti ọdún sí igun àwòrán kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ńsù kí ẹ tó dé e. Bí ọmọ bá fẹ́ ya òmíràn ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ lẹ tuntun mọ́ orí ti tẹ́lẹ̀ ní etí òkè nìkan, kí a ṣì lè ṣí èyí tó wà lábẹ́ wò.